Òdòdó tí yóò bo ilẹ̀ iwájú ilé ní Ìjẹ̀bú: ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ló ń pa á

Ìbéèrè: "Ilé bàbá mi wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni mo ń wálé. Iwájú ilé náà jẹ́ ilẹ̀ pupa lásán, oòrùn sì ń ta sí i láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fẹ́ òdòdó tí yóò bo ilẹ̀ náà, tí kò ní í ga, tí kò sì ní í béèrè omi lójoojúmọ́, nítorí kànga wa a máa gbẹ ní oṣù Kejì. Ẹnì kan ní kí n gbin òdòdó agogo mẹ́wàá, ẹlòmíràn ní Wedelia ló dára jù, ẹnì kẹta ní kí n tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì síbẹ̀ kí n sì sinmi. Màmá mi ní tiwọn sọ pé àgbàlá tí a kò bá gbá mọ́ tónítóní, ejò ni yóò fi ṣe ilé. Mo fẹ́ kí ó ti tan kí Ojúde Ọba tó dé. Kí ni kí n ṣe?"

* * *

Ẹ gbin òdòdó agogo mẹ́wàá. Portulaca grandiflora ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ìbátan pápásan tó ń hù fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ni, ilẹ̀ Argentina, Uruguay àti gúúsù Brazil ló sì ti wá. Kì í sábà ga ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, ẹ̀ka rẹ̀ a máa nà lórí ilẹ̀, ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ó sì kún fún omi, òdòdó rẹ̀ sì lè jẹ́ pupa, ìyeyè, funfun, àwọ̀ ọsàn tàbí pínǹkì. Mo lè dákẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó gbin òdòdó yìí ní agbègbè wa ló ń sọ pé kò pẹ́ kó tó kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n sì ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù. N kò gbà. Òjò oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ló ń pa á, pẹ̀lú omi tí àwa fúnra wa ń fi àánú dà lé e lórí.

* * *

Àwọn òǹkàwé ti ń fèsì sí ìdáhùn yìí, n ó sì máa dá wọn lóhùn bí a ti ń lọ. Ẹnì kan láti Ṣágámù ní ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ òun, pé àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni òun ń bomi rin tòun ní gbogbo oṣù Kejìlá, síbẹ̀ ìdí rẹ̀ rọ̀, ó di dúdú, ó sì wó lulẹ̀. Ẹ̀rí tí mo ń wá gan-an nìyẹn. Ewéko tí ọ̀dá bá ń pa, ewé rẹ̀ a kọ́kọ́ súnkì, yóò sì gbẹ láti orí wá sí ìsàlẹ̀. Èyí tí omi bá ń pa ni ìdí rẹ̀ ń rà nígbà tí orí rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ fi ọwọ́ kan ìdí ọ̀pá rẹ̀ kí ẹ tó gbé kẹ́tùlù.

Bí òdòdó yìí ṣe ń fara da ọ̀dá yẹ ní mímọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìtọ́jú rẹ̀ ti ń jáde. Ewéko púpọ̀ a máa ṣí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara ewé wọn lọ́sàn-án láti gba afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí wọ́n fi ń ṣe oúnjẹ, ojú ihò kan náà sì ni omi ara wọn ń gbà jáde nínú oòrùn. Àwọn ìdílé Portulaca ní ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń yà sí nígbà tí omi bá wọ́n: wọn a máa gba díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà lóru, nígbà tí ilẹ̀ ti tutù, wọn a sì tọ́jú rẹ̀ pamọ́ sínú ara di ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé. Nítorí náà, ewéko tó ti ní omi nínú ewé, tó tún mọ bí a ṣe ń ṣọ́ omi ná, kò fẹ́ kí a máa rọ̀ ọ́ mu. Ohun tó ń béèrè ni oòrùn, ó kéré tán wákàtí 6 lóòjọ́, àti ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí.

* * *

Nípa ilẹ̀ ni àríyànjiyàn wa yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ń sọ pé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú jẹ́ yanrìn, pé kò sí bí omi ṣe fẹ́ dúró sí i. Ìdajì òtítọ́ ni. Ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ilẹ̀ pupa oníyanrìn tó jinlẹ̀ ni a ní lóòótọ́. Bí ẹ bá gòkè lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè, ẹ ó bá ilẹ̀ tó ní àpáta lábẹ́. Bí ẹ bá sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Àbígí, ilẹ̀ àbàtà ń dúró dè yín. Ṣùgbọ́n iwájú ilé kì í ṣe oko. Ilẹ̀ tí a ti ń fi ìgbálẹ̀ gbá láti ayé bàbá wa, tí a ti ń tẹ̀, tí a ti ń sá ẹ̀gẹ́ lé, tí mọ́tò ti ń gùn, ìgbálẹ̀ ti gbá erùpẹ̀ dúdú orí rẹ̀ lọ, ohun tó kù sì ti di líle. Ẹni tó bá ti dúró létí yàrà Ẹrẹdò Súngbọ́ rí bí ilẹ̀ pupa tí àwọn àgbà gbẹ́ ṣe dúró gbọnyin bí ògiri láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wá, yóò mọ ohun tí mo ń sọ. Bí òjò bá rọ̀ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kì í wọlẹ̀; yóò ṣàn lọ sí ibi tó bá rẹlẹ̀, yóò sì dúró síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ibẹ̀ gan-an ni a sì ń gbin òdòdó sí, nítorí a rí i pé ilẹ̀ ibẹ̀ tutù.

Ẹ wú ilẹ̀ náà pẹ̀lú ọkọ́ tàbí dígà dé ìwọ̀n 20 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ da yanrìn odò pọ̀ mọ́ ọn, bárò yanrìn kan sí bárò erùpẹ̀ méjì, kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ jọ di ebè fífẹ̀ tí yóò ga ju ilẹ̀ tó yí i ká lọ ní nǹkan bí 15 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ ṣa gbogbo àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì tí àwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ kúrò. Kí ebè náà má sì ṣe bọ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀: omi tó ń já bọ́ láti orí páànù a máa gbẹ́ ilẹ̀ hú gbòǹgbò jáde láàárín òjò kan ṣoṣo.

Nípa ajílẹ̀, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Imí adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ lórí ebè kan, ó tó. Ẹni tó bá da púpọ̀ sí i yóò rí ewé tó sanra, kò sì ní í rí òdòdó.

* * *

Irúgbìn ni, àbí ẹ̀ka? Àwọn tó fara mọ́ irúgbìn ń sọ pé owó rẹ̀ kò pọ̀, pé àwọ̀ oríṣiríṣi ló ń jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n irúgbìn rẹ̀ kéré gan-an, giramu kan lè ní tó 10,000 ẹyọ, ìmọ́lẹ̀ ló sì ń jí i. Ẹni tó bá bò ó mọ́lẹ̀ bí ẹni ń gbin àgbàdo kò ní í rí nǹkan kan. Ńṣe ni ẹ ó pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, ẹ ó fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tó ti tutù, ẹ ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ ó sì fi í sílẹ̀ láìbò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì yóò hù. Bí òjò ńlá kan bá sì rọ̀ kó tó hù, ẹ ó máa rí òdòdó yín níwájú ilé aládùúgbò.

Ẹ̀ka ni mo yàn fún ẹni tí kì í sí nílé láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ ra ìkòkò méjì tàbí mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì, ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó 5 sí 10 sẹ̀ǹtímítà, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì tẹ́ wọn síbi òjìji di ọjọ́ kejì kí ojú ibi tí ẹ gé lè gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi wọ́n sí ilẹ̀, kí àlàfo 20 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò láti ta gbòǹgbò. Èyí tí òdòdó rẹ̀ nípọn, tí ìtànná rẹ̀ wà ní ìpele lé ìpele, ẹ má tilẹ̀ dààmú lórí irúgbìn tirẹ̀, nítorí kì í sábà so púpọ̀, ọmọ rẹ̀ kì í sì í fìgbà gbogbo jọ ìyá.

* * *

Ó ti tó àkókò láti sọ ọ̀rọ̀ Wedelia, nítorí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbádùn. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kì í kú, pé kò sí ohun tó yára bo ilẹ̀ bí i rẹ̀, pé òdòdó ìyeyè rẹ̀ kì í tán lórí, pé ó sì ń di ilẹ̀ mú níbi tí àgbàrá bá ti ń gbẹ́ ẹ. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Ìdí tí n kò fi fẹ́ ẹ náà nìyẹn. Sphagneticola trilobata ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é nísinsìnyí. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ló ti wá, gbogbo oríkèé ọ̀pá rẹ̀ tó bá kan ilẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò, ó sì wà lára ohun alààyè àjèjì 100 tí IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá, kà sí èyí tó burú jù lọ láyé nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2000. Ẹ wo àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ìwé náà: ẹ̀kan wà níbẹ̀, ewé Akíntọ́lá náà wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ wo ní Rẹ́mọ ni ẹ fẹ́ ṣàlàyé ewé Akíntọ́lá fún?

Ẹnì kan fèsì pé ti òun wà láàárín ògiri mẹ́rin, kò lè jáde. Ó lè jáde. Ọmọ tó ń gé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ yóò kó ẹ̀ka rẹ̀ dà sí gọ́tà, òjò yóò gbé e, ibi tó bá gúnlẹ̀ sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, bóyá oko kókò olóko. Ẹni tó bá ti ní i tẹ́lẹ̀ tó sì fẹ́ yọ ọ́, kó wú gbogbo ọ̀pá rẹ̀ tòun ti gbòǹgbò, kó sá a sórí kankéré títí yóò fi gbẹ gidi, kó sì sun ún. Gígé lásán kò ràn án.

Ọ̀rọ̀ àgbàrá nìkan ni mo gbà pé ó nira. Òdòdó agogo mẹ́wàá kò lè di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ mú nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kò lọ jìnnà. Fún irú ibẹ̀, Arachis pintoi ni kí ẹ wá, ìbátan ẹ̀pà tó ń nà lórí ilẹ̀, tí òdòdó rẹ̀ jẹ́ ìyeyè. Lọ́dún 1954 ni àwọn onímọ̀ ewéko kọ́kọ́ mú àpẹẹrẹ rẹ̀ ní Brazil. Òun náà ń ta gbòǹgbò ní oríkèé, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kó sá wọ oko ẹnikẹ́ni níhìn-ín. Ó ń ṣe ajílẹ̀ fún ara rẹ̀ bí ẹ̀pà àti ẹ̀wà ṣe ń ṣe, ó sì ń fara da òjìji díẹ̀, nítorí náà ẹni tó béèrè ohun tí òun lè gbìn sábẹ́ igi máńgòrò ti rí ìdáhùn tirẹ̀. Nínú ọyẹ́, ewé rẹ̀ lè gbọ̀n dànù. Bí òjò bá dé, yóò tún rú.

* * *

Íńtálọ́ọ̀kì: ibi tí mọ́tò ń gbà, ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sí gbogbo iwájú ilé, ooru ọ̀sán yóò máa padà wọlé tọ̀ yín wá lójú fèrèsé, gbogbo òjò tó bá rọ̀ yóò sì di ọ̀rọ̀ láàárín yín àti aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀.

* * *

Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ Màmá, nítorí àwọn kan ti ń fèsì bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àgbà tí kò mọ nǹkan ni. Màmá mọ nǹkan. Àgbàlá gbígbá ni ọ̀nà tí àwọn ìyá wa fi ń rí ohun tó bá kọjá níwájú ilé kí ọmọdé tó tẹ̀ ẹ́: ejò, àkeekèé, ìdin. Koríko tó ga dé orúnkún níwájú ilé kì í ṣe ọ̀ṣọ́, ewu ni. Ibi tí èmi àti Màmá ti yà ni pé ewéko tó ń nà lórí ilẹ̀, tí oòrùn ń wọ̀ dé ìdí, kì í ṣe ibi tí ejò ń fi ṣe ilé. Eku ni ejò ń wá kiri, òkìtì búlọ́ọ̀kù, pákó tí a tò jọ lẹ́yìn ilé, ààtàn àti àwo oúnjẹ tí a kò palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ni eku sì ń fẹ́. Mo mọ ilé kan ní Ìpẹ́rù tí wọ́n ti hú gbogbo òdòdó nítorí ejò kan, tí wọ́n sì fi òkìtì páànù àtijọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ejò mìíràn tún jáde lọ́dún kejì, níbi páànù náà gan-an.

Ohun tó bá èrò méjèèjì mu ni pé kí ẹ fi ilẹ̀ gbígbá sílẹ̀ ní ìwọ̀n mítà kan láàárín ògiri ilé àti ebè òdòdó, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojú ọ̀nà tó lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn àti kànga. Ìgbálẹ̀ Màmá yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ojú wọn yóò sì máa rí ohun gbogbo. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ibi tí ebè yóò gbà sí ọwọ́ wọn, ẹ má kàn dé lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wú àgbàlá tí wọ́n ń gbá láràárọ̀. Mo ti rí i tí ìyá àgbà kan tó ta ko òdòdó pátápátá di ẹni tó ń lé ewúrẹ́ kúrò lórí rẹ̀, kìkì nítorí pé òun ló fi ẹsẹ̀ fa ààlà rẹ̀.

Ewúrẹ́ náà ń bọ̀ o. Òdòdó olómi lásìkò ọyẹ́, nígbà tí ewé gbogbo ti gbẹ, oúnjẹ gidi ni lójú rẹ̀. Ẹ ta wáyà sí i, kó ga dé ìbàdí.

* * *

Ẹnì kan béèrè bóyá a lè jẹ ẹ́, níwọ̀n bí a ti ń jẹ pápásan. Pápásan ni ẹ̀fọ́. Èyí tí a gbìn fún ẹwà, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹwà. Kódà pápásan pàápàá ní èròjà oxalate púpọ̀, ẹni tí òkúta inú kíndìnrín bá ń yọ lẹ́nu kò gbọdọ̀ máa jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Bí ẹ bá sì ń ṣa pápásan nínú ebè, ẹ kọ́kọ́ ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wò: koríko kan wà tó ń nà lórí ilẹ̀ bí i rẹ̀, ṣùgbọ́n tí oje funfun bí wàrà ń jáde lára rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀fọ́.

* * *

Omi. Lẹ́yìn tí ẹ̀ka bá ti ta gbòǹgbò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìyẹn sì bá òpin ọ̀sẹ̀ tí ẹ ń wálé mu. Ẹ bu omi náà sí ìdí rẹ̀ lọ́wọ́ àárọ̀, kó wọlẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kànga bá gbẹ tí ọ̀sẹ̀ méjì fi kọjá, òdòdó yóò dín kù, ṣùgbọ́n kò ní í kú. Àwọn kan ń gbani nímọ̀ràn pé kí a máa fi omi ìfọṣọ rin ín. Omi ìṣanṣọ tó kẹ́yìn kò burú; omi àkọ́kọ́ tó kún fún ọṣẹ oníyẹ̀fun ni kí ẹ má ṣe dà síbẹ̀, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ ń kó jọ sínú ilẹ̀, kò sì sí òjò tí yóò fọ̀ ọ́ lọ títí di oṣù Kẹta tàbí Kẹrin.

* * *

Ní ti Ojúde Ọba, ẹ wo kàlẹ́ńdà kí ẹ tó wo ilẹ̀. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, Iléyá sì ń fi ọjọ́ 10 tàbí 11 ṣíwájú lọ́dọọdún: lọ́dún 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí, lọ́dún 2025, ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà ni. Bí ó ti ń fà sẹ́yìn kúrò nínú oṣù Kẹfà yìí, ó ń sàn fún òdòdó wa, nítorí ó ń jìnnà sí ìgbà tí òjò pọ̀ jù. Ẹ ka ọ̀sẹ̀ 8 sẹ́yìn láti ọjọ́ náà, kí ẹ sì gbin ẹ̀ka yín nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni ẹni tó lo irúgbìn pàápàá ń retí òdòdó àkọ́kọ́. Kí ẹ má sì ṣe bínú bí ojú ọjọ́ bá ṣú lọ́jọ́ náà tí òdòdó kọ̀ láti là. Oòrùn ni wọ́n ń là fún, ọjọ́ kan péré sì ni ìtànná kọ̀ọ̀kan ń lò. Òmíràn yóò rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tó yẹ kó kó ìdààmú bá yín ni àwọn àlejò tí yóò fẹ́ gbé mọ́tò wọn sórí ebè. Ẹ to òkúta yí i ká.

* * *

Ẹni tó bi mí bóyá ọdún kan ṣoṣo ni ó ń lò: níhìn-ín, tí kò sí òtútù tí yóò pa á, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀pá rẹ̀ yóò gùn, àárín rẹ̀ yóò pá, òdòdó yóò sì kù sí ẹnu ẹ̀ka nìkan. Ẹ rẹ́ ẹ lọ́wọ́ dé ìdajì nígbà tí òjò bá dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, yóò tún rú. Ìgbín àti ọ̀kùn yóò ti jẹ nínú rẹ̀ lásìkò òjò. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì ṣa wọ́n lóru, ẹ má lo oògùn. Kí oṣù Karùn-ún tó parí lọ́dọọdún, ẹ gé nǹkan bí ogún ẹ̀ka lára èyí tó lẹ́wà jù, ẹ gbìn wọ́n sínú agolo tí ẹ ti lu ìdí rẹ̀, kí ẹ sì gbé wọn sí ẹnu fàráńdà níbi tí oòrùn ń dé tí òjò kò ti lè nà wọ́n, kí ẹ lè ní ohun tí ẹ ó fi dí àlàfo ebè ní oṣù Kẹsàn-án.